Orúkọ Tí Ìyàwó Sọ Dàpọ̀

Ilé Bámijókò,
Òkè-Odò,
Ìṣẹ́-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1999.

Olúyẹmí, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Bùsọ́lá ìyàwó wa, mo sì kí ọmọ tuntun tí n kò tíì fojú kàn. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí òtútù Jọ́ọ̀sì má rí ọmọ náà gbé ṣe. Ní tèmi, ara mi le tó ti ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì kò dùn mí, nítorí náà mo ní ìlera tó ìdajì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́tà rẹ tí o fi sọ pé ẹ ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì dé ọwọ́ mi. O béèrè ìdí tí n kò fi tíì fèsì. Èsì náà ni kò fẹ́ jáde lọ́wọ́ mi. Òun nìyí: ẹ má wá. Ìwọ má wá, má mú Bùsọ́lá wá, má sì mú ọmọ wá. Inú kò bí mi sí yín. Àbúrò rẹ, Dàpọ̀, ni ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ohun tí o sì mọ̀ nípa rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti orírun rẹ̀. Ọláyíwọlá onímọ́tò ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí Dàpọ̀ ni ó máa ń bá mi gbé lẹ́tà lọ sí pósítì tẹ́lẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ, wọ́n lè fi lé e lọ́wọ́.

O rántí ọjọ́ kejì ìgbéyàwó yín, ní oṣù kejìlá ọdún 1997. Bùsọ́lá ti gbálẹ̀, ó ti pọnmi, ó wá ń kúnlẹ̀ káàkiri ilé láti sọ wá lórúkọ bí ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé ti ń ṣe, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Ó pe Ìbídùn, àbúrò rẹ obìnrin, ní Eyínfúnjowó. Ó pe Ọlábọ̀dé, àbúrò mi, ní Baba Onífìlà. Nígbà tí ó kan Dàpọ̀, tí ó ga tí ó fi tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà, tí ojú sì ń tì í, Bùsọ́lá gbójú sókè wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi." A pàtẹ́wọ́. Ọlábọ̀dé pariwo pé, "Dàpọ̀, o jẹ ọ̀fẹ́ o! Ẹ̀gbọ́n rẹ san owó orí, ìwọ wá gba ìyàwó láìná kọ́bọ̀!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ń ya fídíò wà níbẹ̀, ó ya gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kí a pe òun ní Dàpọ̀ mọ́. A kọ́kọ́ rò pé eré ni. Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kan, tí mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò ní yíjú. Bí Ìbídùn bá wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Agùntáṣọọ́lò, wọ́n ń pè ọ́," kíá ni yóò dìde. Ó ń gun ọ̀kadà rẹ̀ láti Ìṣẹ́ sí Ọ̀rùn, kì í mutí, ó sì ń jíṣẹ́ owó fún mi nírọ̀lẹ́ láìyọ náírà kan. Ọmọ tí ó ń mówó wálé, tí kì í jà, ta ni yóò sọ pé orí rẹ̀ kò pé nítorí pé ó fẹ́ràn orúkọ kan ju òmíràn lọ?

A kò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni ó ń yà sí ilé àwọn àna rẹ ní Ọ̀rùn. Yóò gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí abẹ́ igi ọsàn, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Ẹ kú ulé o, àna mi." Bí ó bá gbé iṣu lọ lónìí, yóò gbé epo lọ lọ́la. Ìyá Bùsọ́lá ń gbé oúnjẹ fún un, ó sì ń yìn wá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ilé tí ọmọ òun bọ́ sí mọ àna. Àṣé iṣẹ́ ìfẹ́sọ́nà ni ọmọkùnrin náà ń ṣe. Ní ọjọ́ kan ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá Bùsọ́lá, ó ní, "Mo wá mú ùyàwó mi lọ ulé. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi." Bàbá náà ránṣẹ́ pè mí. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní oòrùn ni ó pa á lórí ọ̀kadà. Ìtìjú ni ó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ wá ní Kérésìmesì ọdún tó kọjá, o rí i pé ó ra àǹkárá fún Bùsọ́lá, tí Bùsọ́lá kò sì gbà á. Ìyàwó rẹ ti ń fura, nítorí ibi tí ó bá wà ni Dàpọ̀ ń wà: ó lọ síbi ẹ̀rọ omi, Dàpọ̀ tẹ̀ lé e, ó wọ ilé ìdáná, Dàpọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún un lójú wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n yín ni ọkọ mi, àbúrò ọkọ mi ni ẹ̀yin." Ìwọ bá a wí, o sì rò pé ó tán síbẹ̀. Kò tán. Nígbà tí ẹ lọ, orí àga gígùn tí ìyàwó rẹ jókòó lé ni Dàpọ̀ ń sùn títí oṣù kejì fi parí. Ó sọ fún Ìbídùn pé bí Bùsọ́lá ṣe sọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu lásán ni, kí ẹ̀gbọ́n òun má baà fura.

Ní oṣù kẹta, òjò lé mi kúrò lóko lọ́sàn-án. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo gbọ́ ohùn Bùsọ́lá nínú ilé. Ayọ̀ mú mi, mo rò pé ẹ wá láìsọ. Mo ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ ti dé?" Kò dá mi lóhùn. Ohun kan náà ni ó ń sọ: "Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi." Yóò dákẹ́, ẹ̀rọ yóò ké bí eku tí ń jẹ bébà, yóò tún sọ ọ́. Dàpọ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń dá fídíò ìgbéyàwó yín padà sẹ́yìn léraléra. Ó ti wẹ̀, ó sì wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ, èyí tí o fi sínú àpótí. Nínú àwòrán náà, ojú Bùsọ́lá kò hàn mọ́, ó ti di kìkì funfun tí ń já wàràwàrà. Ibẹ̀ nìkan ni ó gbó, gbogbo ìyókù kásẹ́ẹ̀tì ń dán. Ó wò mí, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́? Ó ṣì ń pè mí."

Mo gba kásẹ́ẹ̀tì náà, mo gbé e lọ fún Ìbídùn ní Ìkẹ́rẹ́, nítorí owó tí a fi yà á kò jẹ́ kí n lè dáná sun ún. Ìyẹn kò ràn wá lọ́wọ́. Nígbà tí kò rí kásẹ́ẹ̀tì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ohùn obìnrin pe ara rẹ̀, yóò sì fi ohùn ọkùnrin jẹ́. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Olúyẹmí, ohùn náà jọ ti ìyàwó rẹ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè fara balẹ̀ jókòó sínú ilé ara mi.

Ní oṣù kẹjọ, ìròyìn dé pé Bùsọ́lá ti bí ọkùnrin. Mo pa àkùkọ kan, Ọlábọ̀dé gbé ẹmu wá, a jókòó sí gbàgede. Dàpọ̀ kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọlábọ̀dé, o mọ ẹnu rẹ̀, ní, "Agùntáṣọọ́lò, kí ló dé tí o fajú ro? Ìyàwó ẹbí ni ìyàwó. Bí ẹ̀gbọ́n kò bá sí, ta ni ń ṣú u lópó bí kì í bá ṣe àbúrò? Ṣe sùúrù, ogún rẹ ni." Ó ń fi ṣàwàdà ni. Dàpọ̀ gbójú sókè, ó rọra béèrè pé, "Bàbá Kékeré, ṣé òótọ́ ni?" Ọlábọ̀dé ní, "Òótọ́ ni. Bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn." Ọmọ náà fa abọ́ mọ́ra, ó jẹun, ó tún ní kí Ìbídùn, tí ó ti Ìkẹ́rẹ́ wá bá wa yọ̀, bu òmíràn. Ó pẹ́ tí ó ti jẹun báyẹn kẹ́yìn. Inú gbogbo wa dùn pé ó jẹun.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò tíì dé etí rẹ, nítorí a bẹ gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n má kọ ọ́ sí ọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹsàn-án, orúnkún kò jẹ́ kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn, mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń wọlé, àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí, wọ́n ń wí pé, "Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ mọ́kàn le." Mo béèrè ta ni. Kátíkíìsì ní Dàpọ̀ ni ó mú ìkéde wá kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, pé ọkọ̀ kan gbé Olúyẹmí ṣubú lọ́nà Jọ́ọ̀sì, ó sì kú. Mo rò pé ní ibùdókọ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn yóò fi jẹ abọ́ iyán kan tán, o kú, ọmọ mi. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ lójú oórì rẹ̀.

Ìgbà náà ni Dàpọ̀ wọlé. Mo ní, "Ta ni ó mú ìròyìn wá? Níbo ni òkú wà?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tí ó fẹ́ fún bàbá rẹ̀ lẹ́bùn. Ó ní, "Kò tíì ṣẹlẹ̀, Bàbá. Mo ní kí wọ́n máa múra sílẹ̀ ni." Ó tú aṣọ dúdú kan jáde nínú ọ̀rá, tuntun, ọ̀pá mẹ́fà. Ó ní ti opó ni, pé ìyàwó òun kò ní wọ̀ ọ́ pẹ́, oṣù mẹ́ta péré, lẹ́yìn náà òun yóò ṣú u lópó. Ìyá àgbà kan nínú àwọn tí ó wá kí mi bú sẹ́kún. Àwọn tí ó kù kò mọ̀ bóyá kí àwọn jókòó tàbí kí àwọn máa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì lẹ́yìn ilé. Dàpọ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì ìyá yín, ó ti dé àyà rẹ̀. Ó tẹ́ bùbá àti ṣòkòtò rẹ àtijọ́ sórí ilẹ̀, aṣọ lókè, ṣòkòtò nísàlẹ̀, bí ẹni tí ó sùn, òun ni ó fi ń wọn ihò náà. Mo ti wọn nǹkan láyé mi, mo wọn kòkó fún àwọn olùrà fún ọdún mọ́kàndínlógún, ojú mi kì í ṣìnà. Gígùn rẹ ni, Olúyẹmí. Ó nu òógùn, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé kí n fẹ̀ ẹ́ sí i? Ó lè ti sanra ní Jọ́ọ̀sì, n kò fẹ́ kí ibẹ̀ há a mọ́." Mo wá ìkórìíra lójú rẹ̀, n kò rí i. Ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n ni mo rí níbẹ̀, ìyẹn ni ó sì dẹ́rù bà mí jù.

Ọlábọ̀dé àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta bá mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀. Mo ta ọ̀kadà, mo fi owó kòkó ọdún yìí kún un, kò sí gbèsè lọ́rùn wa, nítorí náà má fi owó ránṣẹ́, fi ra oúnjẹ ọmọ. Dókítà ní kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé, àìsàn ni bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Ó ní oògùn lè mú un rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rí ìyàwó rẹ àti ìwọ sójú, ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí ẹnikẹ́ni má pè é ní orúkọ yẹn mọ́.

Ó ti wà nílé báyìí láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sanra díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bá mi ṣa kòkó. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sọ pé ó ti gbádùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé oògùn fún un, tí mo ní, "Dàpọ̀, gbà," yóò wo ògiri. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo sunkún níwájú rẹ̀, ògiri ni ó ń wò. Tí kò bá lò ó, orin àtijọ́ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, mo sọ pé, "Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi, gba oògùn rẹ." Ó la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe láràárọ̀. Orúkọ tí ó fa àìsàn náà ni mo fi ń rọ oògùn sí i lọ́fun. Bí ó bá gbé e mì tán, yóò bi mí pé, "Ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀?" Mo máa ń dá a lóhùn pé kò ráyè.

O kọ ọ́ pé bí Dàpọ̀ bá rí ọmọ yín, bóyá ojú rẹ̀ yóò wálẹ̀. Mo ti ro ìṣírò yẹn láti òkè dé ilẹ̀. Ọkùnrin méjì ni mo bí. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú méjì, ó yẹ kí ó ku ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú ìṣírò tiwa yìí òfo ni yóò kù, nítorí ẹni tí ó bá pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ bàbá kò lè tó o mọ́. Bí ẹ bá jìnnà síra yín, mo ní ọmọ méjì. N kò ní rí ọ̀kan, èkejì kò ní rí mi bí ó tilẹ̀ ń wò mí, ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n. Jẹ́ kí n dì í mú bẹ́ẹ̀.

Sọ gbogbo rẹ̀ fún Bùsọ́lá kí ó lè ṣọ́ra, àfi ọ̀rọ̀ orúkọ náà. Má jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹnu òun ni ó ti jáde. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó hù, a kì í fi ẹ̀kọ́ ilé dá ọmọ lẹ́bi. Bí o bá ti kà á tán, dáná sun lẹ́tà yìí.

Ọlọ́run tí ó fún yín ní ọmọ yóò bá yín wò ó. Yóò gbọ́n bí àgbà, yóò dàgbà nínú ayọ̀, kò ní jogún ìrora wa. Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ẹnu ọ̀nà rẹ kò ní gbọ́ ẹkún. Ibi tí o bá wà ni ilé rẹ yóò máa jẹ́. Ojú mi tí kò rí yín, ojú Ọlọ́run yóò máa rí yín.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ,
J. A. Bámijókò.

Àfikún: Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mo ti kú, má gbà á gbọ́, Dàpọ̀ lè fi ìyẹn pè ọ́ wálé. Bí Ìbídùn bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òótọ́ ni, kí o mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n má wá. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àkọ́bí ni ó ń bu erùpẹ̀ lé bàbá, mo yọ̀ǹda rẹ, Ọlábọ̀dé yóò bù ú dípò rẹ. Ihò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ọlábọ̀dé ní kí a ri ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí a bá gbẹ́ fún òkú kì í pa ẹnu dé láìgba nǹkan. Mo ní kí ó fi sílẹ̀. Mo ti to pákó bò ó, mo sì gbé páànù lé e kí òjò má wọ̀ ọ́. Mo kúrú sí ọ, yóò gbà mí, àyè yóò sì ṣẹ́ kù. Bí mo bá ti wọ inú rẹ̀, kò ní ṣófo dè ọ́ mọ́.